KÍ A TÓ GBẸ́LẸ̀: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ OMI ABẸ́ ILẸ̀ ÌWÓ

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ jiofísíìsì ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, bá wa sọ ní ìpàdé àyájọ́ ọdún ẹgbẹ́

    

Nígbà tí Akọ̀wé pè mí lórí fóònù pé kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí, mo bi wọ́n pé kí ni kí n sọ. Wọ́n ní, "Wá sọ ohun tí ò ń kà fún wa. Ìyá rẹ ti ṣàlàyé títí, kò yé wa." Ẹ̀rín pa mí, nítorí mo mọ ohun tí ìyá mi máa ń sọ. Bí èèyàn bá bi wọ́n pé kí ni ọmọ yín ń kọ́ ní Ifẹ̀, wọn a ní, "Òkúta ló ń kọ́." Onítọ̀hún a wá ní, "Òkúta kẹ̀? Ọmọ tó mọ̀wé tó báyìí, kí ló dé tí kò kọ́ṣẹ́ dókítà?" Lónìí, mo fẹ́ bá ìyá mi dáhùn ìbéèrè yẹn. Mo tún gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kànga dẹ̀rọ̀ ọjà wà lórí ètò ìpàdé yìí, pé ẹ fẹ́ fẹnu kò lórí iye tí olúkúlùkù yóò dá. Ọ̀rọ̀ tèmi àti ọ̀rọ̀ yẹn, ojú kan náà ni wọ́n ń lọ.

Ẹ̀YÁWÓ TÓ KỌ́KỌ́ RÁN MI NÍLÉÈWÉ

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ ìtàn yìí, àmọ́ àwọn ọmọ tó jókòó síbí kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún tí mo rí àyè wọ yunifásítì, ọjà kò dára fún ìyá mi. Ata àti tòmátò ni wọ́n ń tà, ẹ sì mọ bí tòmátò ṣe máa ń ṣe: apẹ̀rẹ̀ tí a rà ní àárọ̀, bó bá di ọ̀túnla, omi rẹ̀ ti ń kán sílẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tó bàjẹ́ lọ́dún náà pọ̀. Ìwé gbígbà mi wà lórí tábìlì, owó rẹ̀ kò sí.

Ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n sá wá. Ìyá méjì ṣe onígbọ̀wọ́ fún wọn. Àwọn méjèèjì wà nínú gbọ̀ngàn yìí, wọn kò fẹ́ kí n dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ara wọn. Bí ìyá mi ò bá san án, àwọn ni ẹgbẹ́ ì bá di mú. Ìyá mi san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé a kì í jẹ ẹran nílé títí owó yẹn á fi kúrò nílẹ̀. Ìwé owó ẹgbẹ́ ti ọdún yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi ní Ifẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí mo parí ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́, tí mo fẹ́ ṣe Másítà, mo mọ̀ pé n kò tún lè gbé ẹrù yẹn lé wọn lórí. Ẹgbẹ́ kan wà nílẹ̀ òkèèrè tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Society of Exploration Geophysicists. SEG ni a máa ń pè é. Ọdún 1930 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń kọ́ ni, bí tiyín ṣe jẹ́ ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Wọ́n a máa kó owó jọ láti fi ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ káàkiri ayé. Mo kọ̀wé sí wọn, àwọn olùkọ́ mi jẹ́rìí sí mi, wọ́n sì fún mi ní sùkọ́láṣíìpù. Òun ni mo fi ṣe Másítà, ìrànlọ́wọ́ wọn náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ oyè ọ̀mọ̀wé tí mo wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀yáwó, a máa ń san án padà. Sùkọ́láṣíìpù, kò sẹ́ni tó máa wá kan ilẹ̀kùn pé òun fẹ́ gba owó òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ràn lọ́wọ́ mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun jẹ gbèsè. Ohun tí mo wá sọ lónìí wà lára gbèsè yẹn.

KÍ NI Ń JẸ́ JIOFÍSÍÌSÌ?

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin gan-an ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́, ẹ ò kàn fún un lórúkọ ni. Ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò amọ̀ kì í fọ́ ọ kó tó mọ̀ bóyá ó ti sán. Yóò gbé e sókè, yóò fi ìka kàn án, yóò tẹ́tí sí ohùn rẹ̀. Ohùn tó bá jáde ni yóò sọ fún un bóyá kí ó sanwó tàbí kí ó gbé e sílẹ̀. Ẹni tó ń ra gààrí ní àpò kì í wo ti òkè nìkan, nítorí ó mọ̀ pé ti òkè lè funfun kí ti ìsàlẹ̀ ti bu.

Iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn. Ilẹ̀ ni ìkòkò tí mò ń kàn. Jiofísíìsì ni ìmọ̀ tí a fi ń mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ láìtíì gbẹ́ ẹ. A lè fi òòlù lu irin pẹlẹbẹ lórí ilẹ̀, kí a wo bí ìró rẹ̀ ṣe ń lọ àti bó ṣe ń padà. Irú ọ̀nà yìí, èyí tó tóbi jù ú lọ fíìfíì, ni àwọn tó ń wá epo rọ̀bì ń lò. A lè wọn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra, nítorí òkúta tó wúwo a máa fà ju èyí tó fúyẹ́ lọ. A sì lè rán iná mànàmáná wọ inú ilẹ̀. Èyí ni mò ń ṣe jù.

Ìmọ̀ yìí wúlò níbi tó pọ̀. Òun ni a fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ lè gbé ìdènà omi tàbí ilé gíga, òun ni a fi ń mọ ìdí tí ọ̀nà ọ̀dà kan náà fi ń bàjẹ́ lójú kan náà lọ́dọọdún. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Mpape ní Àbújá ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, tí ẹ̀rù ba àwọn èèyàn, irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìjọba kó jọ pé kí wọ́n wádìí ohun tó fà á.

Àwọn ẹbí wa kan ní, "Tó bá jẹ́ pé epo rọ̀bì ni iṣẹ́ yìí wà fún, á jẹ́ pé ọ̀nà Port Harcourt lo máa gbà lọ, owó á sì wà níbẹ̀." Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ kàwé ló lọ síbẹ̀, n kò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí lọ síbi kànga nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Bí mo bá débẹ̀ tí wọ́n ti fa omi rẹ̀ tán, tí kò ku nǹkan kan bí kò ṣe ẹrẹ̀, mo máa ń bi ara mi pé, kí ló dé tí kànga ilé kejì fi ní omi, tí tiwa kò ní? Ìbéèrè ọmọdé yẹn ló sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ilẹ̀.

ÌDÍ TÍ OMI ÌWÓ FI ṢÒRO

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ báyìí. Ẹ máa ń gbọ́ tí àwọn ẹbí wa tó wà ní Èkó máa ń sọ pé, "Kí ló ń ṣe yín ní Ìwó? Níbí, ibi tí a bá ti gbẹ́lẹ̀ náà ni omi ń jáde." Wọn kò parọ́. Iyanrìn àti amọ̀ tí odò àti òkun kó jọ ní ìpele ìpele ni Èkó jókòó lé. Iyanrìn yẹn dà bí ajere tí a rẹ sínú omi. Ibi tí a bá fi ọwọ́ kàn, omi wà níbẹ̀.

Ìwó kò jókòó lé iyanrìn. Orí òkúta la wà. Àwa, Ìbàdàn, Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà, orí òkúta líle kan náà ni gbogbo wa wà. Òkúta yìí dàgbà gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Èyí tó yọrí síta tí àwọn èèyàn ń fọ́ tà fún àwọn tó ń kọ́lé, kékeré ni lára rẹ̀. Ìyókù wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa níbí.

Òkúta tó le gbagidi kò ní àyè tí omi lè gbé. Nítorí náà, ibi méjì péré ni omi lè fara pamọ́ sí nílẹ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni òkúta tó ti jẹrà. Ojò àti oòrùn ti ń jẹ òkúta láti òkè wá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti di ilẹ̀ ẹlẹ́rùpẹ̀, omi òjò sì ń wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn kànga tí a fi ọwọ́ gbẹ́ ti ń rí omi. Ìkejì ni ojú ibi tí òkúta ti sán nísàlẹ̀. Bí òkúta bá sán, tí ibi tó sán náà sì gùn, omi á gba inú rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni kànga dẹ̀rọ̀ tó dára ti ń mu omi tirẹ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìjẹrà yìí kò dọ́gba. Ó lè jìn tó 30 mítà níbì kan, kí ó má ju mítà mẹ́ta lọ ní òdìkejì títì. Ibi tí òkúta ti sán lè gba abẹ́ ilé kan kọjá, kí ó má dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kànga ilé kejì fi ní omi tí tiwa kò ní. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe aáyán aládùúgbò. Bí òkúta ṣe rí nísàlẹ̀ ni.

Ẹ̀yin náà ẹ wo kànga dẹ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ gbẹ́ sí ẹ̀bá ọjà. Irin rẹ̀ ṣì dúró síbẹ̀, àwọn ọmọ ti ń so ewúrẹ́ mọ́ ọn. Owó tí ẹ dá sí i kò padà mọ́. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ní òun ti gbẹ́ ilẹ̀, pé òun kọ́ ló ń dá omi. Òun náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un pé ibẹ̀ ni kó gbẹ́? Ohun tí mo gbọ́ ni pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ lè wọ̀.

BÍ A ṢE Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ ILẸ̀

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ níbí pé a kì í fi ọwọ́ tútù tan iná. Ìdí rẹ̀ ni pé iná fẹ́ràn omi. Ibi tó tutù, iná a máa gbà á kọjá wẹ́rẹ́. Ibi tó gbẹ, tó sì le, iná kì í fẹ́ kọjá.

Gbogbo àṣírí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ní 1912, ọkùnrin ará Faransé kan tó ń jẹ́ Conrad Schlumberger bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná wá ohun tó wà nínú ilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ọ̀nà tí a ń pè ní orúkọ rẹ̀ ni mo ṣì ń lò ní Ìwó lónìí. Irin mẹ́rin ni a máa ń kàn mọ́lẹ̀ ní ìlà kan. A ó so bátìrì àti ẹ̀rọ wa mọ́ wọn. Irin méjì tó wà lẹ́yìn ń rán iná wọlẹ̀, méjì tó wà láàárín ń sọ fún wa bí ilẹ̀ ṣe gba iná náà. Bí a bá ń sún irin méjì ti ẹ̀yìn jìnnà síra wọn, bẹ́ẹ̀ ni iná á máa wọlẹ̀ lọ jinlẹ̀ sí i. A ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Lálẹ́, a ó kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, á wá fi hàn wá pé ilẹ̀ ẹlẹ́rùpẹ̀ tó báyìí ni, lẹ́yìn rẹ̀ ni òkúta tó jẹrà, lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó sán, lẹ́yìn rẹ̀ ni òkúta gbagidi.

Bí a bá ń fa wáyà láti ojúlé kan dé ìkejì, onírúurú ọ̀rọ̀ ni à ń gbọ́. Àwọn kan a ní a fẹ́ gba ilẹ̀ wọn ni. Àwọn kan a ní wúrà là ń wá. Ìyá àgbà kan bi mí wò pé, "Ọmọ mi, kí lẹ fẹ́ rì mọ́ ibẹ̀?" Mo ní, "Ìyá, a ò rì nǹkan kan, ilẹ̀ là ń bi léèrè bóyá omi wà nínú rẹ̀." Wọ́n ní, "Ó dáa, tó bá dáhùn, kí ẹ pè mí."

Ohun kan wà tí n kì í gbàgbé. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ a máa gbẹ débi pé iná kì í lè wọ̀ ọ́ láti ara irin wa. A ní láti da omi díẹ̀ sí ìdí irin. Nítorí náà, àwa tí à ń wá omi, omi là ń tọrọ kiri. Ní ọjọ́ kan ní Òkè-Ọba, ìyá kan tó ń se oúnjẹ tà bu omi fún wa nínú korobá kan ṣoṣo tó kù fún un, ó ní, "Ẹ gbà. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù." Mo mọ iye tó ra omi yẹn lọ́wọ́ ọlọ́mọlanke. Mo da omi náà sílẹ̀, ó ń dùn mí.

ÀṢÌṢE TÈMI

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹ̀rọ wa kì í ṣì. Ẹ̀rọ wa kì í rí omi. Bí iná ṣe ń kọjá ló ń rí. Àwa èèyàn la máa sọ ohun tó túmọ̀ sí, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Nígbà tí mo ṣì ń ṣe Másítà, àwọn ará agbo ilé kan ní abúlé tí kò jìnnà sí Ìwó bẹ̀ mí pé kí n bá wọn wo ilẹ̀ wọn. Wọ́n ti ń dá owó jọ fún ọdún méjì. Mo gbé ẹ̀rọ lọ ní ọjọ́ kan, oòrùn ti ń wọ̀, mo wọn ojú ibi kan ṣoṣo. Iná kọjá wẹ́rẹ́ nínú ilẹ̀ náà! Inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ gbẹ́ ẹ síbí, omi wà."

Wọ́n gbẹ́ ẹ. Amọ̀ ni. Amọ̀ rírin, tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Korobá kan ni wọ́n ń rí fà láàárọ̀, á tún dọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin ìyá mi, omi wà nínú ẹ̀bà, àbí kò sí? Ṣùgbọ́n ta ló lè fún ẹ̀bà kó mu omi rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ rí. Omi wà nínú rẹ̀, iná á gbà á kọjá, ṣùgbọ́n kì í tú omi náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó wà nínú ìwé tí mo kà. Mo mọ̀ ọ́n lórí ìwé, n kò tíì mọ̀ ọ́n lórí ilẹ̀. Ká ní mo wọn ojú ibi mẹ́ta mẹ́rin, ká ní mo wo àwọn kànga tó yí wọn ká, mo lè máà ṣe àṣìṣe náà.

Mo padà lọ tọrọ àforíjì. Ojú ń tì mí débi pé mo fẹ́ yà lọ́nà. Ìyá tó dàgbà jù nínú wọn gbé àpótí fún mi, wọ́n fún mi ní píọ̀ wọ́tà. Wọ́n ní, "Ṣé o ti mọ ohun tó fà á?" Mo ní, "Mo ti ń mọ̀ ọ́n, mà." Wọ́n ní, "Bó o bá ti mọ̀ ọ́n, lọ sọ fún àwọn ẹlòmíràn, kí owó tiwọn má baà lọ bíi tiwa." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi wá síwájú yín lónìí, ju ìpè Akọ̀wé lọ.

OHUN TÍ MÒ Ń WÁ BÁYÌÍ

Láti ìgbà yẹn ni mo ti sọ ọ́ di ohun tí mò ń wádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé mi: báwo la ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàárín amọ̀ tó kàn rin lásán àti òkúta jíjẹrà tó lè fún èèyàn ní omi, ní irú ilẹ̀ tiwa yìí? Ohun tí mo ti rí kọ́ ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo kò tó. Bí a bá fi iná wọ̀n ọ́n, ó dáa kí a tún fi ọ̀nà mìíràn wọ̀n ọ́n, kí a fa ìlà gígùn dípò ojú kan, kí a sì fi ohun tí àwọn kànga tó ti wà nílẹ̀ sọ wé e. Ẹlẹ́rìí kan kò tó láti fi dá ẹjọ́.

Ẹlẹ́rìí tó ṣòro jù láti rí ni ti àwọn kànga. Ní Ìwó yìí, láti Ìsàlẹ̀ Ọba dé Gidigbo, kànga pọ̀ bí ilé. Kànga kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojú tí a fi lè wo inú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí a kọ wọ́n sí lọ́wọ́ mi. Àwọn tó gbẹ́ wọn mọ ibi tí wọ́n ti kan òkúta, ọ̀pọ̀ wọn ti kú, ìmọ̀ náà bá wọn lọ. Ohun tí mo fẹ́ ṣe kí n tó parí ni ìwé àkọsílẹ̀ kànga Ìwó, kí ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga lọ́la lè kọ́kọ́ ṣí i wò.

Wọ́n a máa bi mí pé, "Bó o bá parí, ṣé o ò ní lọ sókè òkun?" Bí ọ̀nà bá ṣí, mo lè lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí mo mọ̀, ilẹ̀ ibí ni. Ìbéèrè kejì tí wọ́n máa ń bi mí, ti ọkọ, ìyá mi ti bẹ̀ mí pé kí n má dáhùn rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

FÚN Ẹ̀YIN ỌMỌBÌNRIN

Ẹ̀yin àbúrò mi obìnrin, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ òòlù àti òkúta kì í ṣe ti obìnrin, ẹ sọ ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Deborah Ajakaiye fún un. Jos ni wọ́n bí wọn sí ní 1940. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú físíìsì ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1962, wọ́n lọ ṣe Másítà ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú jiofísíìsì ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Sààríà ní 1970. Àwọn ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì nílẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó jẹ́ obìnrin jáde lọ sínú pápá, wọ́n sì jọ ṣe àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà tó ń fi hàn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra láti ibì kan dé ibòmíràn. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n gbé òṣùwọ̀n, wọ́n wọn Nàìjíríà, bí ìyá yín ṣe ń wọn ìrẹsì.

OHUN TÍ MO BẸ̀ YÍN SÍ

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kànga dẹ̀rọ̀ ọjà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, gbogbo nǹkan ti gbówó lórí, omi tí à ń fi ẹ̀rọ fà náà kò gbẹ́yìn. Ẹ kò ní owó tí ẹ máa fi ṣòfò lẹ́ẹ̀kejì. Mo bẹ̀ yín kí ẹ ro nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó dá owó:

1. Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ wo ilẹ̀ kí ẹni tó máa gbẹ́ ẹ tó dé. Ẹni tó wo ilẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó máa gbẹ́ ẹ. Ẹni tó ń jẹ lórí gbígbẹ́, kò ní sọ fún yín láé pé kí ẹ má gbẹ́.

2. Ẹ má kọ́kọ́ yan ojú ibi tí ẹ fẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ojú ibi mélòó kan yí ọjà ká. Bí ibi tó dára jù bá bọ́ sẹ́yìn ilé ẹlòmíràn, ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀. Páìpù lè gbé omi wá sọ́jà, ṣùgbọ́n páìpù kò lè gbé omi wá láti inú òkúta gbígbẹ.

3. Ẹ gbẹ́ ẹ ní ọ̀gbẹlẹ̀, bí oṣù kejì sí ìkẹta. Omi tí ẹ bá rí nígbà òjò lè tàn yín jẹ. Èyí tí ẹ bá rí nígbà tí gbogbo kànga ti gbẹ, òun ni omi.

4. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ṣáláńgá, ó kéré tán 30 mítà, kí ó sì wà lápá òkè, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ibi tí ìdọ̀tí ń ṣàn gbà. Kí ẹnikẹ́ni tó mu ún, ẹ gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò. Omi tó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú.

5. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Mítà mélòó ni wọ́n máa gbẹ́? Bí wọn ò bá rí omi ńkọ́? Ẹ san owó ní ìpele ìpele, kí ìyókù dúró títí wọn yóò fi fa omi náà fún wákàtí púpọ̀ lójú yín, tí kò sì gbẹ. Ẹ gba ìwé tó sọ ohun tí wọ́n bá pàdé nínú ilẹ̀, mítà dé mítà, kí Akọ̀wé fi pamọ́ bí ìwé owó. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jáde dáadáa, ìwé náà wúlò fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

6. Ẹ ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ̀rọ tó ń fa omi á bàjẹ́ lọ́jọ́ kan.

Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì ti ṣe tán láti wá wọn ilẹ̀ yí ọjà ká, a kò ní gba kọ́bọ̀. Mo sì ń sọ ọ́ sójú gbogbo yín: bí a bá wọ̀n ọ́n tán, tí a rí i pé kò dára, èmi náà ni màá dúró níbí sọ fún yín pé kí ẹ má gbẹ́ ẹ, kí ẹ fi owó yín gbé tánkì ńlá kalẹ̀ kí ẹ sì máa gbe omi òjò orí páànù ọjà. Iyẹn náà, omi ni.

Ohun kejì tí mo bẹ̀ yín sí kò ní ná yín ní owó. Kí olúkúlùkù tó bá ní kànga nílé mú okùn kan, kí ó so kókó sí i ní ìwọ̀n mítà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì so òkúta kékeré mọ́ ìdí rẹ̀. Ní ìparí oṣù, kó sọ ọ́ sínú kànga kí ẹnikẹ́ni tó fa omi láàárọ̀, kó ka kókó tó gbẹ kó tó kan omi, kó sì sọ iye rẹ̀ fún Akọ̀wé ní ìpàdé. Ọmọ tó ti wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ owó sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìfo ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lè kọ omi sílẹ̀ lóṣooṣù. Láàárín ọdún kan, ẹgbẹ́ yìí yóò mọ̀ nípa omi abẹ́ ilẹ̀ Ìwó ju ohun tí èmi nìkan lè mọ̀ ní ọdún mẹ́wàá.

 Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá méjì tó ṣe onígbọ̀wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi tó jókòó lẹ́yìn yẹn, tó ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe àwọn ló bí mi. Mọ́mì, bí wọ́n bá tún bi yín, ẹ sọ fún wọn pé omi ni ọmọ yín ń kọ́.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Ọjà yín á máa tà. Ohun tí a bá dá owó lé, a ó rí èrè rẹ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ̀mí wa rí àyájọ́ ọdún tó ń bọ̀, kí a sì fi omi tútù láti inú kànga tiwa ṣe àlejò ara wa.